Ọdún Tí Koríko Wa Kú, Tí Wọ́n Fẹ́ Ta Lékan àti Bẹ́nì

Ọdún méjìlélógójì ni mo fi tọ́jú koríko. Kì í ṣe koríko tí màlúù ń jẹ o. Èyí tí àwọn èèyàn ń gbá bọ́ọ̀lù lórí rẹ̀ ni. Nígbà tí ọmọ mi obìnrin, Kafáyà, wà ní kíláàsì kẹta níhìn-ín ní Maryland, olùkọ́ wọn ní kí kálukú dìde kó sọ iṣẹ́ tí bàbá rẹ̀ ń ṣe. Ọmọ lọ́yà sọ tirẹ̀, ọmọ sójà sọ tirẹ̀. Kafáyà dìde, ó ní bàbá òun ń gé koríko. Wọ́n fi ṣe ẹ̀rín, ó sì sunkún wálé. N kò bá a wíjọ́ kankan. Ní Sátidé, mo gbé e sínú mọ́tò, mo wà á lọ sí Upper Marlboro, mo dá a dúró sí àárín pápá tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gé, mo ní kó wo ọ̀tún, kó wo òsì. Ilẹ̀ náà tẹ́ lọ rẹrẹ, ó tutù, ó ń dán bí aṣọ àrán, kò sí ewé kan tó ga ju ìkejì rẹ̀ lọ. Ọmọ náà bẹ̀rẹ̀, ó fi ọwọ́ pa á.

“Dádì, ẹ̀yin lẹ ṣe gbogbo èyí?”

Mo ní Ọlọ́run ló ṣe é, pé ìránṣẹ́ lásán ni mí.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń rò ó bóyá iṣẹ́ báyìí ni kí ẹ ṣe tàbí iṣẹ́ ọ̀hún, ẹ̀yin ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Iṣẹ́ tí wọ́n fi ń ṣe ẹ̀rín ni mo ṣe, síbẹ̀ ẹnu ń yà mí títí dòní sí ohun tí ojú mi rí nídìí rẹ̀.

Ìbàdàn ni mo ti kọ́ ọ. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni mí nígbà tí bàbá mi fà mí lé Bàbá Làmídì lọ́wọ́, ọ̀gá àwọn tó ń tọ́jú pápá kíríkẹ́ẹ̀tì ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kan. Èèyàn kúkurú ni wọ́n, ohùn wọn kì í sókè, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti wúkọ́ báyìí, ara gbogbo àwa ọmọṣẹ́ á ti máa gbọ̀n. Oṣù mẹ́fà gbáko, n kò fọwọ́ kan ẹ̀rọ. Gbégi ni mo ń fi ìka fà tu, lórí ìkúnlẹ̀, láti àárọ̀ títí oòrùn á fi kan àtàrí. Bí mo bá fa ewé tí n kò fa gbòǹgbò, wọ́n á mú mi padà síbẹ̀.

“Ràṣídì, irun lo bá a gé. Èmi ní kí o lé e kúrò nílé.”

Lẹ́yìn èyí ni wọ́n fi ẹ̀rọ hàn mí. Ẹ̀rọ ayé ìgbà yẹn kò ní ẹ́ńjìnnì. Apá èèyàn ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Àwa mẹ́rin la ń ti rólà irin tí a fi ń tẹ ilẹ̀. Wọ́n kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń fi èèkàn méjì àti okùn kan ṣoṣo fa ìlà tó rí bí ẹyin yí pápá ká. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí i tí ìlà náà yípo tó sì pàdé ara rẹ̀ láìfi ìka kan yẹ̀, mo pariwo. Bàbá Làmídì wúkọ́. Mo panu mọ́.

Ohun kan wà tí wọn kò fi ṣeré rárá: agolo tí a fi ń wọ́n oògùn. Oògùn tó ń pa èpò àti èyí tó ń bọ́ koríko, agolo kan náà la fi ń wọ́n wọn. Lọ́jọ́ kan mo fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, mo fẹ́ máa lọ.

“Ó ti mọ́?”

“Ó ti mọ́, Bàbá.”

“Ó dá ọ lójú?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá.”

“Ó dáa. Bu omi sí i, kí o mu ún.”

Mo bu omi sí i. N kò lè gbé e dé ẹnu. Wọ́n gba agolo náà, wọ́n da omi inú rẹ̀ nù. “Koríko náà ní ọ̀nà ọ̀fun. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni kí o máa fọ̀ ọ́. Bí ilé bá ń jó, fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí o tó sá.”

Bí mo ṣe dé Amẹ́ríkà kò gùn ní sísọ. Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi ló pè wá. A gba ilé oníyàrá méjì ní Capitol Heights, nítòsí ibùdó ọkọ̀ ojú irin. Sìkírá, ìyàwó mi, lọ kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Èmi ń nu ilẹ̀ ní ọ́fíìsì ìjọba kan ní Suitland. Owó ń wọlé, ṣùgbọ́n ọwọ́ ń yún mi. Bí wọ́n bá ní ká lọ jẹun ọ̀sán, màá jókòó síta, màá máa fa gbégi létí ọ̀nà. Ibẹ̀ ni Gẹ́rì ti rí mi. Òyìnbó Ọsirélíà ni, púlọ́ńbà tó wá tún páìpù ṣe, irun rẹ̀ pọ́n bí epo.

“Ọ̀rẹ́, ṣé wọ́n ń sanwó fún ọ láti ṣe ìyẹn?”

“Rárá. Mò ń sinmi ni.”

Ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní òun àti àwọn ará ìlú òun ti dá ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù sílẹ̀, pé wọ́n ti háyà ilẹ̀ oko tábà àtijọ́ kan lọ́nà Upper Marlboro, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe pápá wọn, nítorí pápá ọ̀hún kò ní igun.

“Ó rí bí ẹyin?” ni mo bi í.

Ó tẹjú mọ́ mi. “Ta ló sọ fún ọ?”

“Pápá kíríkẹ́ẹ̀tì ni mo fi kọ́ṣẹ́ nílé.”

“Orí rẹ̀ gan-an la ti ń gbá bọ́ọ̀lù wa lọ́hùn-ún!” Ó gbá mi mọ́ra tòun ti girísì ọwọ́ rẹ̀. Bí mo ṣe padà sídìí iṣẹ́ mi nìyẹn, ní ìparí àwọn ọdún 1990.

Ẹ jẹ́ n sọ fún yín bí bọ́ọ̀lù àwọn ará Ọsirélíà ṣe rí, nítorí ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ wò ó, n kò lè pa ẹnu mi dé. Bọ́ọ̀lù náà kò rí roboto, ó gùn bí ìbẹ́pẹ. Òpó mẹ́rin ló dúró lápá ọ̀hún, mẹ́rin lápá ìhín, kò sí igi tó dábùú láàárín wọn. Wọ́n ń fi ọwọ́ mú bọ́ọ̀lù, wọ́n ń fi ẹsẹ̀ gbá a, wọ́n ń fi ìkúùkù lù ú sí ara wọn. Ọkùnrin kan dúró sídìí òpó pẹ̀lú kóòtù funfun bíi ti dókítà, tí ó ń ju àsíá bí wọ́n bá gbá góòlù wọlé. Ṣùgbọ́n ohun tó pá mi láyà ni fífò wọn. Bọ́ọ̀lù á wà lókè réré, èèyàn á sáré bọ̀, á fi orúnkún lé ẹ̀yìn ẹlòmíì bí ẹni ń gun àkàbà, á na ọwọ́ méjèèjì, á já bọ́ọ̀lù náà lójú ọ̀run bí èso. Mo ní, “Sùbúhánálláhì!” Òyìnbó tó dúró tì mí rò pé mo ń bú rẹfirí ni.

Nínú ẹgbẹ́ yẹn, àwọn méjì ló mọ̀ ọ́n fò jù. Ọ̀kan ni Bẹ́nì, bíríkìlà ará Ọsirélíà tó fẹ́ ọmọ Maryland, tí ìyàwó rẹ̀ sì wà nínú oyún nígbà tí mò ń sọ yìí. Èkejì ni Lékan, ọmọ Nàìjíríà bíi tiwa. Èkó ni wọ́n ti bí i, ó dé Amẹ́ríkà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án. Nọ́ọ̀sì ni ìyá rẹ̀, ọ̀rẹ́ Sìkírá ni, ọsibítù kan náà ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́. Lékan ti gbá bọ́ọ̀lù àjùsínú agbọ̀n títí tó fi jáde iléèwé. Ó wá bá mi ní pápá lọ́jọ́ kan láti bá mi gbé àpò ajílẹ̀, ó rí àwọn òyìnbó tó ń fò, ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun dán an wò. Ó fò lẹ́ẹ̀kan. Gẹ́rì sọ ife kọfí ọwọ́ rẹ̀ nù.

Irinṣẹ́ ń yí padà nígbà náà. Mo kúrò lórí ẹ̀rọ à-tì, mo bọ́ sórí èyí tí èèyàn ń jókòó lé bíi tirákítọ̀. Mo fi okùn sílẹ̀, ẹ̀rọ tó ń fa ìlà ọ̀dà dé. Dípò agolo, wọ́n ra táǹkì ńlá tó ń fọ́n oògùn láti ẹ̀yìn ọkọ̀. Ohun tí mo ń fi ọjọ́ mẹ́ta ṣe ní Ìbàdàn, wákàtí méjì ti tó fún un. Ìgbéraga wọ̀ mí díẹ̀. Àwọn àgbà ní ọwọ́ tó yá ló ń ṣe àṣìṣe.

Ní ọjọ́ Ẹtì kan nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, mo fọ́n oògùn apèpò sídìí ọgbà. Jímọ̀ ti ń pè mí, Sìkírá sì ń retí kí n wá gbé òun níbi iṣẹ́. Mo da omi sínú táǹkì lẹ́ẹ̀kan, mo mì ín, mo dà á nù. Lẹ́ẹ̀kan. Ní Mọ́ńdè mo po oúnjẹ koríko sínú rẹ̀, mo fọ́n ọn sí gbogbo pápá pátá, mo ń kọrin.

Ní ọjọ́ karùn-ún, àwọ̀ ilẹ̀ náà yí padà. Ní ọjọ́ kẹwàá, pápá tó ń dán bí àrán ti gbẹ bí ewé àgbàdo lẹ́yìn ìkórè. Mo kúnlẹ̀, mo fà á wò, ó bọ́ sí mi lọ́wọ́ bí irun òkú ẹran. Gẹ́rì dé, ó dúró, ó ṣí fìlà.

“Oòrùn ọdún yìí mà burú o,” ló sọ.

N kò fèsì. Ìdákẹ́ yẹn wúwo ju rólà tí àwa mẹ́rin ń tì lọ.

Ẹgbẹ́ náà ti ń mì tẹ́lẹ̀. Àwọn ará Ọsirélíà kan ti parí iṣẹ́ tó gbé wọn wá, wọ́n ti padà sílé. Lọ́jọ́ ìdánrawò nígbà mìíràn, èèyàn méje ló ń dé. Wàyí o, pápá kò sí. Onílẹ̀ ní bí wọn kò bá lò ó mọ́, òun á gbà á padà. Ìgbà náà ni ẹgbẹ́ ńlá kan láti ìlú kan lápá àríwá ránṣẹ́ sí Gẹ́rì. Wọ́n ní kó fún àwọn ní Bẹ́nì àti Lékan, àwọn á sì tẹ́ koríko tuntun sí gbogbo pápá wa.

Gẹ́rì pe ìpàdé sínú àká tábà tó wà létí pápá, ní ọ̀sán ọjọ́ Sọ́ńdè. Àwọn agbábọ́ọ̀lù wá, àwọn aya wá, Màmá Lékan tòun ti aṣọ nọ́ọ̀sì lọ́rùn dé tààrà láti ibi iṣẹ́.

“Bí a bá ta àwọn méjèèjì, a rí pápá,” ni Gẹ́rì wí. “Bí a kò bá tà wọ́n, kò sí ẹgbẹ́ mọ́.”

Ẹnì kan ní, “Bí ìràwọ̀ méjèèjì bá lọ, ta ló máa wá wò wá?”

Òmíràn ní, “Bí kò bá sí pápá, níbo ni wọ́n ti máa wo ìràwọ̀?”

Màmá Lékan dìde. Yorùbá ló fi kọjú sí mi.

“Bàbá Kafáyà, ṣé mo gbọ́ ọ dáadáa? Ó ní tà? Kí wọ́n ta ọmọ mi? Nínú àká yìí? Ẹ wo òkè, ẹ wo àwọn igi tí wọ́n ń fi tábà kọ́ sí. Àwọn wo lẹ rò pé ó gbin tábà náà láyé ọjọ́un? Àwọn tí wọ́n tà lẹ́rú ni! N kò gbé ọmọ mi kúrò l’Ékòó kí òyìnbó wá máa díye lé e lórí. Ẹ sọ fún un o.”

Mo túmọ̀ rẹ̀. Ojú Gẹ́rì pọ́n ju irun orí rẹ̀ lọ. Mo wo obìnrin yìí, tó dúró wákàtí méjìlá lórí ẹsẹ̀ kó tó wá sọ̀rọ̀ bí ọba. Mo wo ọmọ rẹ̀. Mo rí i pé wọ́n fẹ́ fi ọmọ ọlọ́mọ tún ohun tí ọwọ́ mi bà jẹ́ ṣe. Ẹnu mi ṣí kí n tó mọ̀.

“Kì í ṣe oòrùn,” ni mo wí. “Èmi ni. N kò fọ táǹkì dáadáa. Oògùn apèpò ni mo fọ́n sórí pápá, mo sì dákẹ́ láti ọjọ́ yẹn. Ẹ lé mi. Ẹ má fi ẹnikẹ́ni dí ihò tí mo gbẹ́.”

Mo ń retí èébú, kò dé. Lékan ló dìde. Yorùbá rẹ̀ kò já geere, ṣùgbọ́n ó fi sọ ọ́, kí ìyá rẹ̀ lè mọ̀ pé òun ló ń bá sọ̀rọ̀.

“Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́ mà. Kò sẹ́ni tó ń tà mí. Èmi ni mò ń lọ. Kọ́ọ̀ṣì ẹgbẹ́ ńlá yẹn ti mú ọmọ kan lọ gbá bọ́ọ̀lù ní Ọsirélíà rí. Mo ti fẹ́ lọ kí koríko tó kú, mi ò mọ bí mo ṣe máa sọ fún yín ni.” Ó yíjú sí Gẹ́rì, ó bọ́ sí Gẹ̀ẹ́sì: kí ẹgbẹ́ wa fi ohun tí ẹgbẹ́ ńlá yẹn bá san nítorí òun sínú ilẹ̀ náà, kí Gẹ́rì má sì tún lo ọ̀rọ̀ yẹn mọ́ níwájú ìyá òun.

Gẹ́rì kọjú sí Màmá Lékan. “Mo tọrọ àforíjì, mà.” Obìnrin náà ń wo ọmọ rẹ̀ bí ẹni ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rí i.

“Èmi ò lọ ní tèmi,” ni Bẹ́nì wí. “Ọmọ mi ń bọ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fún wa ní ìdajì koríko náà. Ìdajì tó kù, ọwọ́ wa kò rọ.”

Bó ṣe rí nìyẹn. Ẹni kan lọ, ẹni kan dúró. Kí òtútù tó mú, ọkọ̀ akẹ́rù dé, wọ́n já koríko tí wọ́n ká bí ẹní kalẹ̀, koríko tútù tòun ti gbòǹgbò àti iyẹ̀pẹ̀. A ń tú u ká, a ń tẹ́ ẹ. Mo ní kí Ọlọ́run fi ọ̀run kẹ́ Bàbá Làmídì, wọn kò rí irú èyí rí. Ìdajì pápá sì tún di àrán lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ìdajì kejì, àwa fúnra wa la gbin ín: àwọn agbábọ́ọ̀lù, àwọn aya wọn, àwọn nọ́ọ̀sì ọ̀rẹ́ Sìkírá, àwọn ará mọ́sáláṣí wa mẹ́rin. A fi ọwọ́ fọ́n irúgbìn, a fi ráákì rọra bò ó. Mo bi Gẹ́rì níbẹ̀ pé kí ló dé tí kò lé mi.

“Ta ni mo máa rí tó máa bẹ̀rù táǹkì tó bẹ́ẹ̀ láti òní lọ?” Ó ń bá ráákì rẹ̀ lọ.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹsàn-án, mo dojú bolẹ̀ láti wo ilẹ̀ náà ní ìpele ojú. Ìrì wà lórí rẹ̀. Àwọn ọmọ koríko ti yọ, tínínrín bí òwú, ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn, ọ̀kọ̀ọ̀kan gbé ẹ̀kán ìrì kan sórí. N kò mọ ìgbà tí omi bọ́ lójú mi. Mo ti pa wọ́n, Ọlọ́run tún jí wọn.

Nígbà ìrúwé, ẹgbẹ́ ńlá yẹn wá bá wa gbá bọ́ọ̀lù. Lékan wọ aṣọ wọn. Èrò tó wá lọ́jọ́ náà, a kò rí irú rẹ̀ rí. Gbogbo ọmọ Nàìjíríà tó mọ ìyá rẹ̀ ló wá wo ọmọ wọn, tọmọ-tọmọ. Wọ́n nà wá, ẹ má jẹ́ kí n purọ́. Wọ́n nà wá bí ẹni ń lu ẹ̀wà. Ṣùgbọ́n ní abala tó kẹ́yìn, ẹnì kan gbá bọ́ọ̀lù kan sókè, ó ga débi pé oòrùn gbé e mì. Bẹ́nì wà nísàlẹ̀ rẹ̀, ó ti na ọwọ́. Lékan sáré bọ̀ láti ẹ̀yìn, ó gbéra, orúnkún rẹ̀ kan èjìká Bẹ́nì, ó ń lọ sókè, ó ṣì ń lọ sókè. Fún ìgbà díẹ̀, mo búra, ọmọ náà dúró sínú afẹ́fẹ́. Ó já a. Tọ̀rẹ́ tọ̀tá ló dìde. Bẹ́nì tó wà nílẹ̀ náà ń pàtẹ́wọ́.

Màmá Lékan dì mí lápá mú. “Bàbá Kafáyà, wọn ò tà á. Ẹ wò ó. Ẹni tí wọ́n tà kì í fò báyìí.”

Kí oòrùn tó wọ̀ lọ́jọ́ náà, ọ̀dọ́ mọ́kànlá ti lọ bá Gẹ́rì pé àwọn náà fẹ́ kọ́ bí wọ́n ṣe ń fò. Ẹgbẹ́ náà ṣì wà fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn ìyẹn, títí ilé gbígbé fi gba gbogbo agbègbè yẹn. Àwọn èèyàn máa ń bi mí bóyá ó dáa kí ẹgbẹ́ tó ń kú lọ fi àwọn ìràwọ̀ rẹ̀ sílẹ̀. N kò mọ̀. Èyí tó lọ fún wa ní ìdajì pápá àti èrò tó wá wò wá. Èyí tó dúró ló kọ́ àwọn mọ́kànlá ọ̀hún. Bí ó bá jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo la ní nínú méjèèjì, n kò rò pé à bá yè é.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi orúkọ iṣẹ́ dẹ́rù bà yín. Orúnkún mi ti kú, ẹ̀yìn ń ro mí, mo ti fẹ̀yìntì. Ṣùgbọ́n mo rí ọmọ èèyàn tó dúró sínú afẹ́fẹ́ lọ́sàn-án gangan, ilẹ̀ tó sì fi ẹsẹ̀ tì kó tó gbéra, èmi ni mo tọ́jú rẹ̀.